Àtàǹpàkò Mi Lórí Òṣùwọ̀n Àgbàdo

Láyé ìjọba Rẹfolusíọ̀n, nígbà tí gbogbo èèyàn ń pe ara wọn ní kàmáráàdì, èmi ni mo ń wọn àgbàdo ní ilé ìkó-ọkà ìjọba ní Ifangni. Òṣùwọ̀n àtijọ́ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn Faransé ló fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Èyí tó tóbi la fi ń wọn àpò. Idẹ ni kékeré, ó ní ife kan. A ó bu àgbàdo kún ife náà. Tó bá fúyẹ́ jù, a ò ní rà á.

Ọ̀dá dá lọ́dún kan, kòkòrò sì jẹ èyí tó kù nínú àká. Wọ́n tún ti ibodè Nàìjíríà pa, kò síbòmíràn tí èèyàn lè tà á sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, kó àpò mẹ́ta dé láti Tchaada. Ọkọ rẹ̀ ò lè dìde lórí ẹní mọ́, wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn l'Ájàṣẹ́, owó àgbàdo yìí ló sì fẹ́ fi gbé e lọ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò kan, ìyẹ̀fun ló bá ọwọ́ mi jáde. Mo sọ fún un pé wọn ò ní gbà á.

Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ọ̀gá mi nítòsí, ló bá kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi.

"Àbúrò mi, bá mi wá nǹkan ṣe sí i. Mi ò ní ibi tí mo tún lè lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde. Mo bu àgbàdo sínú ife, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pá òṣùwọ̀n dọ́gba. Mi ò mọ̀ pé ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Kàmáráàdì, gbé ọwọ́ ẹ kúrò."

Mo gbé e kúrò. Ife náà lọ sókè. Ọ̀gá ò pariwo; ó ní kí n kó àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta, kí èmi náà má padà wá lọ́la.

A jókòó lórí àpò lẹ́bàá títì títí oòrùn fi rọ̀, kí ọkọ̀ kan tó gbé wa. Oṣù yẹn ò parí tí ọkọ rẹ̀ fi kú. Àgbàdo yẹn náà la lọ̀, la fi ṣe oúnjẹ fún àwọn tó wá sin ín.

Ẹ̀gbọ́n mi ò dá mi lẹ́bi rí. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó tó dé, mo ti dá obìnrin mẹ́rin padà pẹ̀lú àgbàdo wọn, mi ò sì wo ojú ìkankan nínú wọn.