Àǹtí Fèrèsé àti Oògùn Ọpọlọ

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn náà lówùúrọ̀, tí ẹ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn dé ìparí, ẹ ó rí fèrèsé gíláàsì kan tí wọ́n gé ihò sí, níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn ihò náà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Àǹtí Fèrèsé. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ gan-an ò rántí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá náà ń gbé. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí kì í wo ìwé kó tó pe orúkọ gbogbo kíláàsì, òun náà ló ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, tó ń sọ fún ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ bá mi dúró dè é." Àǹtí Fèrèsé á ní, "Mo ti ń dúró, mà." Kí ló tún fẹ́ sọ?

Ìgbà tó wá di pé òun náà ń wọ yàrá, tó ń gbàgbé ohun tó wá mú, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Dókítà ní kò sí nǹkan kan, pé kò sẹ́ni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tírú ẹ̀ kì í ṣe. Kò gbà á gbọ́. Bó bá ń wo ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ kékeré tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú ò lè lo odidi tábúlẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà. Ṣe ni wọ́n á lọ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun tí kò lágbára kankan, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n kékeré, wọ́n á sì pín in sínú bébà, ìdì kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kan. Òfin kan wà nídìí tábìlì yẹn tí wọ́n ń pè ní Wí-kí-n-wí. Ẹni tó po oògùn á wí i sókè: orúkọ ọmọ, bó ṣe wúwo tó, oògùn wo, ike wo ló ti mú un, ìdì mélòó ló pín in sí. Ẹnì kejì á gbé ike náà, á fi ojú ara rẹ̀ kà á, á sì wí i padà. Kí ó tó wí i padà, wọn ò gbọdọ̀ pa bébà kankan dé.

Ẹnì kejì Àǹtí Fèrèsé ni bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Rọra. Ẹ wo bàbá yìí! Bó bá fẹ́ ka ike, á kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á fi etí aṣọ nù ún, á tún un wọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá ń kán an lójú, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín, bàbá á sì máa kàwé rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gbé báàgì wọlé wá bá ọ̀gá àwọn olóògùn. Ó to ike wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, ó ní oògùn ọpọlọ ni, pé ẹni tó bá lò ó, ohun tó bá kà lẹ́ẹ̀kan ò ní kúrò lórí ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá wò ó.

"Ta lẹ fi dán an wò?"

"Ọ̀gá, àwọn tó lò ó pọ̀ bí nǹkan míì! Ojú wọn là kedere."

"Ojú tó là kọ́ ni mo bi yín. Kọfí náà ń la ojú. Ṣé ẹ fún àwọn kan ní ojúlówó, ẹ fún àwọn kan ní òfìfo, tí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ tiẹ̀, tí ẹ wá rí i pé àwọn tó lo ojúlówó ń kọ́ nǹkan, ó sì ń dúró sí wọn lórí ju ti àwọn yòókù lọ?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Ọpọlọ tí ìyà ń jẹ, tí afẹ́fẹ́ ò tó o, tàbí tí wọ́n gbá lórí, ṣé ó ń dáàbò bò ó, àbí ẹgba ló ń nà án kó lè máa sáré? Ẹni tó ń lò ó ńkọ́, ṣé ó ń sùn? Ṣé àyà ẹ̀ kì í já? Bó bá fi í sílẹ̀, ṣé kì í wá a kiri? Ohun tó bá ń pa èèyàn lára, tó ń gba oorun lójú ẹ̀, kò tíì di oògùn ọpọlọ lọ́dọ̀ tèmi, bó ti wù kórí ẹni tó lò ó yá tó. Ẹ kó o kúrò níbí."

Ọkùnrin náà kó o. Àmọ́ bó ṣe ń kọjá níbi fèrèsé, ó gbé ike kan kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ tọ́ ọ wò. Ọ̀fẹ́ ni." Obìnrin tó ti fi ọdún méjìlélógún sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má gbé oògùn tí wọn ò mọ orísun rẹ̀ mì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ike náà sápò. Ṣé kò gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ ni? Ó gbọ́ ọ. Àmọ́ etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ohun tó bá fẹ́ nìkan ló ń gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lò ó. Lóòótọ́, orí rẹ̀ yá! Ó ń ka orúkọ ọmọ méjìdínlógún tó wà ní wọ́ọ̀dù láìwo ìwé, pẹ̀lú oògùn wọn àti iye ìdì tó máa ń jẹ́. Kò fi bẹ́ẹ̀ sùn mọ́, ó ní òun ò nílò oorun. Ó wá jẹ́ pé àwọn èèyàn ló lọ́ra jù lójú rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Rọra sì ni olórí wọn. Bí bàbá bá ti ń bọ́ gíláàsì, inú rẹ̀ á máa ru. Lọ́kàn ara rẹ̀, á ní, "Kí ni bàbá yìí fẹ́ kà tí mi ò tíì mọ̀?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó ní tábúlẹ́ẹ̀tì ọkàn, èyí kékeré, ti tán. Wọ́n ti kó èyí tuntun dé, ìdérí pupa ló wà lórí ike rẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin ti àtijọ́. Èyí tí wọ́n ti ń pín sí ìdì márùn-ún, ogún ni kí wọ́n máa pín in sí. Àǹtí Fèrèsé gbọ́. Ó mi orí.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n pè láti wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n tètè fi ti ọmọkùnrin olóṣù mẹ́jọ kan ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Rọra wà níbi omi, ó ń fọ odó. Àǹtí Fèrèsé na ọwọ́ sórí pẹpẹ, sí ojú ibi tí ike náà máa ń wà, ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Gbogbo wọn funfun. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó lọ̀ ọ́, ó pò ó, ó wọ̀n ọ́n. Ìdì márùn-ún. Ó wo ẹ̀yìn bàbá níbi omi, ó ní kí òun máa wá dúró de gíláàsì nínù báyìí! Ó pa bébà márààrún dé, ó fi ránṣẹ́.

Bó ṣe ń dá ike padà sórí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan ìdérí. Pupa.

Ó ka ara ike náà. Ó tún un kà. Gbogbo ara rẹ̀ sọ fún un ohun tó ti ṣe: agbára ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, irú oògùn tó ń fa ọkàn sẹ́yìn, tó lè fà á títí tí kò fi ní lù mọ́.

Ó lọ òmíràn, ó pín in sí ogún bó ṣe yẹ, ó di márùn-ún nínú wọn, ó kì wọ́n bọ àpò. Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé òun á gòkè, òun á ní wọ́n gbé ti ẹlòmíì wá, òun á pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó gun àtẹ̀gùn méjì méjì.

Ìyá ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọmọ lé itan. Bébà kan ti wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, ṣíbí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ó ti lo tiẹ̀. Ó tiẹ̀ lá ṣíbí lónìí!"

Àǹtí Fèrèsé dúró. Ìdì mẹ́rin ló kù nílẹ̀. Ó lè kó mẹ́rin, kó fi mẹ́rin dípò, kó máa gbàdúrà pé kí ọ̀kan tó wọlé náà má ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ á wà síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ á rí ẹni tọ́jú rẹ̀. Ó wo ọmọ náà. Ọmọ náà ń wo bọ́tìnì aṣọ rẹ̀.

"Dókítà!" Igbe tó ké, wọ́n gbọ́ ọ dé ìsàlẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọmọ yìí! Èmi ni mo ṣì í ṣe, ìlọ́po mẹ́rin ni mo fún un!"

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Dókítà já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá, wọ́n po èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná mómi, èyí tó ń fa májèlé mọ́ra, wọ́n ń dà á sí i nímú gba ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bì í, ẹnu ọmọ dúdú, ẹkún rẹ̀ ń lọ sókè. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà. Ẹ̀rọ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Nígbà tó ṣe, ẹkún náà rọlẹ̀, ó sì burú ju ariwo lọ. Nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ń wálẹ̀. Ọgọ́rùn-ún. Àádọ́rùn-ún. Mọ́kànléláàádọ́rin. Dókítà ń gún oògùn sí iṣan ọwọ́ ọmọ náà.

Ọ̀gá dé, ó fa Àǹtí Fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Kí ló ṣe ọ́?" Àǹtí Fèrèsé yọ ike oògùn ọpọlọ inú àpò rẹ̀ fún un. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Mo rántí gbogbo ẹ̀, ọ̀gá," ó ní. "Kò sóhun tí mo gbàgbé. Mo rántí pé márùn-ún ni. Ó dá mi lójú gan-an ni."

"Ohun tí oògùn yìí gbà lọ́wọ́ ẹ nìyẹn," ọ̀gá ní. "Iyèméjì tó máa ń jẹ́ kó o bojú wẹ̀yìn." Kò pariwo mọ́ ọn. Ì bá sàn kó pariwo.

Nígbà tí Àǹtí Fèrèsé fẹ́ jáde, ìyá ọmọ náà ní, "Ẹ jókòó síbẹ̀." Ó jókòó. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, àwọn méjèèjì á dìde. Bó bá gòkè, wọ́n á jókòó. Títí ọ̀sán fi pọ́n, tó fi rọ̀. Ó di aago mẹ́rin kí ọmọ tó lajú, tó na ọwọ́ sí wáyà àyà rẹ̀, tó sì ń fà á. Nọ́ńbà ti padà síbi tó yẹ kó wà. Àǹtí Fèrèsé kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Ìyá ọmọ náà ò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde.

Wọ́n gba aṣọ funfun lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kó lọ dúró sílé títí wọn á fi ránṣẹ́ pè é. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ló pè é. Wọ́ọ̀dù ni.

Àsìkò oògùn ọmọ ti tó. Ọ̀gbẹ́ni Rọra fúnra rẹ̀ ló pò ó, ọ̀gá ló wí i padà. Ọkàn ọmọ náà ò sì lè ṣe ọjọ́ méjì láìlo oògùn yìí, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ dé ìgbà mẹ́ta. Ìyá ọmọ ló kọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ rẹ̀. Ó ní bí obìnrin ojú fèrèsé yẹn ò bá dé, kò sóhun tó máa wọ ẹnu ọmọ òun.

Àǹtí Fèrèsé dúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nínú aṣọ ilé. Kò mọ ibi tó máa gbọ́wọ́ sí.

Ìyá ọmọ náà na ìdì kan sí i. "Ẹ kọ́kọ́ lò ó."

"Mà, kò sóhun tí ìyẹn máa fi hàn," nọ́ọ̀sì ní. "Èèyàn ńlá ni wọ́n, kò lè..."

"Mo mọ̀," ìyá ọmọ náà ní. "Kí wọ́n lò ó."

Àǹtí Fèrèsé ṣí bébà. Ó da ìyẹ̀fun náà sórí ahọ́n, ó korò, ó gbé e mì láìmu omi. Obìnrin náà ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ń wo ojú rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó mú ìdì kejì, ó pò ó sínú ṣíbí, díẹ̀ dà sórí aṣọ.

"Lanu, ọkọ mi," ó ní.