Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Ní Mo Gbà

Ẹni tó bá sọ fún mi pé mo ti rù, màá dá a lóhùn. Ẹni tó bá tún un sọ, màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ojú àánú wò mí, tó di apá mi mú, tó wá ń rọra béèrè bóyá mo ti lọ ṣe àyẹ̀wò, n ò ní í gbà fún un rárá. Mo ti bá irú wọn jà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Warehouse Road, mo sì tún lè jà.

Okùn àti tapólì ni mò ń tà fún àwọn dírẹ́bà tírélà ní Àpápá, èyí tí wọ́n fi ń bo ẹrù tí wọ́n bá gbé kúrò ní pọ́ọ̀tù. Nígbà tí mo sanra, Ìyá Olówó ni wọ́n ń pè mí. Owó wo? Ara ńlá ni wọ́n rí. Orúnkún mi ń ké, mi ò lè gun àtẹ̀gùn méjì kí n má mí hẹlẹ, dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọjú, pé tí n ò bá ṣọ́ra, wọn á gé mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún mi nígbà yẹn o. "Ara yín ń dán, Màmá, ẹ ń gbádùn." Ìgbádùn rádaràda!

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ara ọ̀hún jà. Mo pa mínírà tì, mo pa búrẹ́dì tì. Láràárọ̀ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá, tí mò ń gba àárín tírélà kọjá, tí èéfín ń wọ̀ mí nímú. Nígbà tí ara náà wá ń jò, dírẹ́bà kan yọ orí lójú fèrèsé, ó pariwo kí gbogbo títì gbọ́: "Mama, you don dry o! Wetin do you?" Mo gbẹ kẹ̀? Èmi tí mo fi òógùn wẹ̀ fún ọdún mẹ́ta! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ káàkiri Ajégúnlẹ̀ pé àrùn kògbóògùn ló ń ṣe mí.

Ọ̀rá lọ, awọ ò lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Awọ ikùn mi já wálẹ̀ bí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti da ohun inú rẹ̀ nù. Tí òógùn bá wọ abẹ́ rẹ̀, á bó, á máa ta mí, á máa rùn. Mò ń fi pọ́dà sí i, mò ń tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí mo bá tú aṣọ náà, á ti rin fún omi àti ẹ̀jẹ̀. Okùn tó wúwo ni mò ń gbé látàárọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń ha ibi tó ti bó.

Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà náà wò mí, ó fi bírò fa ìlà síbi tí yóò gé. Ó ní iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ lè lọ púpọ̀, kí n mú ẹni méjì wá tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Wọn kì í gba owó dípò rẹ̀ níbẹ̀, èèyàn ni wọ́n fẹ́ rí. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń kílíà ẹrù, fún wọn ní tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ku ẹnì kan péré kí n bọ́.

Ta ni màá tún lọ bá bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n mi? Àwa méjì ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Láti Ìṣẹ́yìn ni bàbá wa ti kó wa wá, nígbà tó ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Kirikiri. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá di Ìyá Àdínnì báyìí, òun ló ń darí àwa obìnrin ní Àsàlátù wa. Òun náà ló ní kí wọ́n máa fi mí sínú àdúrà àwọn aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìbi mí léèrè. Gbogbo wọn ti mọ̀ pé mò ń kú lọ, àfi èmi.

Mo bá a nílé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ dákun, ẹ̀jẹ̀ yín ni mo wá tọrọ."

Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. "Ṣé wọ́n ti rí àìsàn náà?" Ó ti ń wá ìbòrí rẹ̀ kiri kí a máa lọ. Mo ní kò sí àìsàn kankan, awọ ikùn mi ni wọ́n fẹ́ gé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó padà.

"Awọ? Awọ tí Ọlọ́run fi bò ẹ́ lo fẹ́ lọ gé? Ní ọjọ́ orí ẹ yìí? Ta lo fẹ́ lọ fi ikùn pẹlẹbẹ hàn, tí ọkọ ẹ ti wà nínú sàréè? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Aboyún ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò rí. Tó bá jẹ́ àìsàn ni, kí wọ́n fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara mi. Àmọ́ fún oge? Láéláé!"

Mo jáde láìdágbére. Láti kékeré, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i rí. Inú bí mi débi pé mo rìn kọjá ilé mi, mi ò mọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Tí mo bá parọ́ pé mò ń kú lọ, màá rí ẹ̀jẹ̀. Tí mo bá sọ òótọ́ pé ara mi le, kò sẹ́ni tó máa fún mi. Irú kí ni gbogbo eléyìí?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Àsàlátù. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà dé orí àwọn aláìsàn, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àti àbúrò mi náà, kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà." Wọ́n ní àmín. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ká mi lára, mo dìde.

"Mi ò ṣe àmín o!"

Obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ká bùbá mi sókè, mo fa aṣọ abẹ́ ikùn mi yọ, mo gbé awọ náà sókè fún wọn. "Ẹ wò ó! Ohun tó ń ṣe mí rèé. Kò sí àrùn tí ẹ̀ ń fi ẹnu gbé kiri. Mo nílò ẹnì kan tó máa fún mi lẹ́jẹ̀ kí wọ́n lè gé e kúrò. Ta ló máa fún mi nínú yín?"

Ẹnì kan ní "Sùbúhánàláhì." Òmíràn bojú. Ìyá arúgbó tó dàgbà jù nínú wa ló sún mọ́ mi, ó wo abẹ́ awọ náà dáadáa, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó wo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ọmú kan náà lẹ jọ mu. Bí ìwọ ò bá fún un, ta lo fẹ́ kó fún un?"

Ojú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè la lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣíwájú. Obìnrin tó sanra dáadáa ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ara rẹ̀ ń dán. Òun ni wọ́n máa ń nàka sí tí wọ́n bá fẹ́ fi bí ara líle ṣe ń rí hàn mí. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó tún un wọ̀n ní apá kejì. Ló bá lọ pe dókítà.

Dókítà wò ó títí. "Màmá, ṣé ẹsẹ̀ yín lẹ fi rìn wọlé yìí? Ìfúnpá yín ti ga kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A ò lè fa ẹ̀jẹ̀ kankan lára yín, ẹ̀yin gan-an la máa dá dúró tọ́jú."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: inú mi dùn. Kò tó ìṣẹ́jú kan, àmọ́ inú mi dùn dáadáa. Ó ń ṣe mí bíi kí n pariwo pé, ta wá ni aláìsàn báyìí? Àfìgbà tí mo wojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń jágbe mọ́ ààfáà pàápàá, ló wá ń bẹ̀ mí yìí. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Jọ̀ọ́, má sọ fún wọn. Sọ pé mo ti fún ẹ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń ṣàìsàn, wọn á máa wò mí bíi..." Mo mọ bí wọ́n á ṣe máa wò ó. Òun ló kọ́ wọn.

A ṣì wà níbẹ̀ tí fóònù mi dún. Ìyá arúgbó náà ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi mú ìlérí ṣẹ. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló kún ẹnu mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní. "Wọ́n ti fún mi."

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá lo oògùn ìfúnpá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́yìn tapólì, kí ará ilé rẹ̀ má baà rí i. Dókítà mi ṣì ń retí ẹnì kan, mi ò sì rí ẹni tí màá bẹ̀ mọ́. Ẹni tí mo bá bẹ̀, á ní ṣebí ẹ̀gbọ́n rẹ ti fún ẹ. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi sí ara mi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, obìnrin kan ń sọ fún èkejì lẹ́yìn mi ní Àsàlátù, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Òun nìyẹn. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán, ojo wá mú un, ó jẹ́ kó ṣòfò."

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wàásù níwájú gbọ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ń bá wàásù rẹ̀ lọ.