Àdírẹ́ẹ̀sì Kan, Aláìsàn Méjì

Ìyá mi ń làágùn, kọ̀ńpútà ní ara rẹ̀ balẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán lára mi dòní.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ọjà Adjamé ní Abidjan, níbi tí àwa ará Ṣakí máa ń gbé aláìsàn wa lọ. Àyà ló ń dun ìyá mi. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, wáyà náà wọ inú ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ france-au-revoir ni, èyí tí wọ́n ti lò gbó ní Faransé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rán lílù ọkàn aláìsàn lọ sórí kọ̀ńpútà tó wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ̀ńpútà yẹn nìkan la fi ń mọ bó ṣe ń ṣe ìyá mi.

Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó tutù bí ẹja inú yìnyín. Ó ní, "Ọmọ mi, nǹkan kan ń tẹ̀ mí láyà." Mo sáré bá nọ́ọ̀sì. Ọmọ wa ni, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáni lóhùn. Ó ka iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan lójú kọ̀ńpútà, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Tantie, ça va. Soixante-douze. La vieille se repose."

"Ta ló ń sinmi? Ẹni tó ń làágùn bí ẹni gbé àpò ìrẹsì yẹn?" Ẹnu mi kì í dákẹ́, wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Adjamé.

Mo wo kọ̀ńpútà náà fúnra mi. Fèrèsé méjì ló wà lójú rẹ̀: ọ̀kan fún ìyá mi, ọ̀kan fún bàbá kan tó wà ní yàrá kejì. Soixante-douze, méjìléláàádọ́rin, ni méjèèjì. Ti ìyá mi gòkè díẹ̀, ti bàbá náà bá a gòkè. Wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Orí mi wú. Ọkàn èèyàn méjì kì í lù pọ̀ báyẹn!

Iṣẹ́ mi nìyẹn: èmi ni mò ń fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sí ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò láti Adjamé dé Abobo. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí wáyà kan náà gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ mìíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan, súwíìṣì, àpótí tó ń pín ọ̀rọ̀ láàárín wọn, á gbọ́ ti ọ̀kan. Èkejì á máa sọ̀rọ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló máa ń kọ̀ṣẹ́, a ó bú u, a ó rẹ́rìn-ín. Èyí kì í ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ló ra ẹ̀rọ méjèèjì. Àwa kì í ṣe ojúsàájú: bí a bá ra àgbá omi fún mọ́sálásí Abobo, ti Adjamé gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, títí dé àwọ̀ ìdérí, kí ìjà má bàa bẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ kejì dé, alága ní kí oníṣẹ́ ṣe é bíi ti àkọ́kọ́ láìyọ nǹkan kan kúrò. Oníṣẹ́ gbọ́ràn. Ó ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀, títí kan àdírẹ́ẹ̀sì. Bí a ti í ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

"Àbúrò mi, kì í ṣe ọkàn ìyá mi lò ń wò yìí."

"Tantie, calme-toi," ó ní kí n fara balẹ̀.

Súwíìṣì náà wà lára ògiri lókè tábìlì rẹ̀. Mo fọwọ́ tọ wáyà yàrá ìyá mi bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rí i, mo fà á yọ.

Soixante-douze. Fèrèsé ìyá mi kò yí padà rárá. Ẹnu wáyà rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, ọkàn rẹ̀ sì ń lù lọ geere lórí kọ̀ńpútà. Ọkàn bàbá yàrá kejì ni fèrèsé méjèèjì ń fi hàn.

"Yéè!" ni nọ́ọ̀sì ké. Kò bá mi jiyàn mọ́. Kí n tó yíjú, ó ti wọ yàrá, ó fìka sí ìyá mi lọ́rùn, ó ń pariwo pe dókítà. Dókítà sáré dé, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì kígbe sí mi pé òun kò lè gún abẹ́rẹ́ kejì láìrí bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù.

Àdírẹ́ẹ̀sì tuntun yóò gba àsìkò, ìyá mi kò sì ní àsìkò. Ohun tó yá jù ni kí n yọ wáyà bàbá yàrá kejì, kí súwíìṣì lè gbọ́ ti ìyá mi. Nígbà náà, kò ní sí ohun tó ń ṣọ́ ọkàn bàbá. Ọwọ́ mi dúró lórí wáyà náà. Ẹ̀rù ikú ìyá mi ń bà mí, ẹ̀rù pé mo fẹ́ pa bàbá olóbàbá ń bà mí.

Ìyàwó bàbá náà yọjú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Àgbàlagbà láti Ìsẹ́yìn ni, a ò mọ ara wa rí. Ó ti gbọ́ gbogbo igbe wa.

"Èwo ni tiwa níbẹ̀?"

Mo fi hàn án.

"Yọ ọ́. Màá di ọwọ́ ọkọ mi mú."

"Màmá, bí nǹkan kan bá ṣe wọ́n ńkọ́?"

"Mo ní kó o yọ ọ́! Ìyá rẹ ń kú lọ!"

Mo yọ ọ́, mo ki ti ìyá mi padà. Fèrèsé ṣófo, lẹ́yìn náà nọ́ńbà jáde: trente-huit, méjìdínlógójì péré. Mo pariwo rẹ̀ fún dókítà. Ó tún gún un. Mò ń ké nọ́ńbà náà jáde bó ṣe ń gòkè; láti yàrá kejì, mò ń gbọ́ ohùn ìyá àgbà náà tó ń ka ti ọkọ rẹ̀, un, deux, trois, kò dánu dúró.

Nígbà tí dókítà ní ìyá mi ti bọ́ lọ́wọ́ ikú, mo fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, mo so ti bàbá padà. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà náà.

"Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ sinmi, ẹ̀rọ ti ń ṣọ́ bàbá báyìí."

Kò tilẹ̀ wò mí. Ìka rẹ̀ ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀. "Máa lọ bá ìyá rẹ, ọmọ mi."

Mo padà sí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi, mo di ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ mú. Nígbà tó lajú, ó ní ọwọ́ mi ti le jù, ó ń dun òun, kí n tú òun sílẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò tú u.