Òfò Tí A Kò Jọ Pín

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú winter ni ìròyìn dé bá wa ní ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Jane and Finch nílẹ̀ òkèèrè, níbi tá a ti ń bá àwọn èèyàn wa kó ẹrù ránṣẹ́ sílé. Ọkọ̀ òkun tó gbé ẹrù àwọn oníbàárà wa ti gbiná lójú omi. Kí gbogbo rẹ̀ má baà jóná, kápẹ́tánì ní kí wọ́n da omi òkun síbi tí iná ti ń jó. Iná kú, àmọ́ omi ba gbogbo bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí oníbàárà wa kan, Uncle Kọ́lá, ń kó lọ sí Ìjẹ̀bú jẹ́. Ẹrù Auntie Bọ́sẹ̀ ní tiẹ̀ kò rí omi rárá.

Nọ́ọ̀sì ni Auntie Bọ́sẹ̀, àdúgbò Springdale níbí ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ń múra àtifẹ̀yìn tì sí Ìbàdàn. Èmi ni mo pè wọ́n pé wọ́n gbọ́dọ̀ bá Uncle Kọ́lá pín nínú òfò náà kí wọ́n tó lè gba ẹrù wọn.

"Yẹmí, ṣé èmi ni mo dáná sun ọkọ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀gá mi, Uncle Délé, ṣe kọ́ mi. Àjọpín òfò la ń pè é. Ọba kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe òfin náà. Àwọn oníṣòwò àtijọ́ tí wọ́n ń bá ọjà wọn wọ ọkọ̀ ló sọ ọ́ dàṣà láàárín ara wọn, kí àwọn ọba tó wá kọ ọ́ sílẹ̀: tí ìjì bá dé, tí wọ́n da ẹrù ẹnì kan sómi kí ọkọ̀ má baà rì, gbogbo àwọn tí ẹrù wọn là ni yóò jọ ru àdánù náà.

Auntie ní, "Ó yé mi. Ṣé kò séèyàn tó kú?"

"Atukọ̀ kan ni, mà. Ó wọlé lọ ti ilẹ̀kùn kí iná má baà ràn. Èéfín pa á."

"Ta ló wá ń bá àwọn ẹbí ẹ̀ pín tiwọn?"

Mo lọ bá Uncle Délé.

"Òfin yẹn ò ka ẹ̀mí mọ́ ọn," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní èèyàn kì í ṣe ọjà. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ náà kù sọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́."

"Ṣé wọn ò ka èèyàn kankan rí ni, sà?"

Uncle Délé bọ́ awò ojú wọn. "Wọ́n kà á. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní etíkun wa. Àwọn yẹn, wọ́n kà wọ́n mọ́ ẹrù."



Auntie gbà láti bá Uncle Kọ́lá pín in, wọ́n sì ní kí n bá àwọn béèrè orúkọ atukọ̀ náà. Mo kọ̀wé sí àwọn ọlọ́kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yẹn ò kan àwọn tó lẹ́rù. Mo tún kọ. Wọn ò fèsì mọ́.

Nígbà tí ẹrù dé Ìbàdàn, Auntie pè mí látọ̀hún pé òórùn èéfín ń jáde lára àga wọn.

"Ẹ gbé e sóòrùn, mà. Á lọ."

"Rárá, Yẹmí," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Wọn ò ṣáà fún wa lórúkọ atukọ̀ yẹn."