Àáró Ni, Kì í Ṣe Ọ̀wẹ̀

Ọ̀wẹ̀ àti àáró kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí àna mi bá pè mí sí ọ̀wẹ̀, mo bá a kọ ebè, mo jẹun, mo gba ilé mi lọ, ó parí. Ṣùgbọ́n bí o bá wá ṣe àáró lóko mi lónìí, ebè tìrẹ ń dúró dè mí lọ́la. Mo ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́ kí n tó di fóònù mú. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ojúde mi ní Òmù-Àrán.

Nígbà tí àwọn ajínigbé sọ igbó wa di ọ̀nà, ọmọ mi ọkùnrin àti ọmọ àbúrò mi jùmọ̀ ṣe áàpù kan. Ẹni tó bá rí agbébọn lọ́nà oko á tẹ̀ ẹ́, fóònù gbogbo ẹ̀ṣọ́ ìlú á sì pariwo. Wọ́n fẹ́ gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ìlú lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjà wá dé: láísẹ́ǹsì wo, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi áàpù náà ṣe, ni kí wọ́n kọ sí i lára?

Ọmọ àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹni tó bá tún un ṣe tó sì fún èèyàn, kó fi àtúnṣe náà lé wọn lọ́wọ́, kí àwọn náà lè pín in."

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ahun! Bí o bá so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, ta ló máa fọwọ́ kàn án? Kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà dárúkọ wa."

"Ẹni tó bá fi àkàbà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó má bínú sí ẹni tó gùn ún o."

Ọmọ mi ló dàgbà jù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé. Ilé-iṣẹ́ kan nígboro mú áàpù náà, ó tún un ṣe kó lè máa dún láti fóònù sí fóònù níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó wá ti ilẹ̀kùn àtúnṣe náà pa, kò fi han ẹnikẹ́ni, ó ń tà á. Àwa kò rí owó rà á. Kò jalè. Láísẹ́ǹsì ọmọ mi ló fún un láyè.

Ọ̀sán gangan ni àwọn ajínigbé bọ́ sí oko àbúrò mi. A ń wa iṣu. Àbúrò mi rí wọn, ó tẹ fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, fóònù yadi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọta wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ṣubú lé iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà jáde. Ọmọ rẹ̀ dojú kọ wọ́n. Àdá gé ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dànù sínú poro. Nígbà tí wọ́n kọjá sí ìlú kejì lọ́jọ́ náà, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti ra ti ilé-iṣẹ́ yẹn, fóònù tiwọn pariwo. Ẹ̀ṣọ́ wọn lé àwọn ẹni ibi náà padà.

A sin àbúrò mi. Àwọn olùkẹ́dùn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ọmọ mi ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọmọ àbúrò mi fi ọwọ́ òsì fa àdá yọ.

"Ẹ lọ sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n ṣáà dárúkọ yín!"

Ó ṣá a ní èjìká. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lójú. Mo di ìbàdí rẹ̀ mú, a jọ ṣubú lulẹ̀, mo ń pariwo sí i létí pé, "Bí o bá pa á, ta ni yóò bá ọ kọ áàpù mìíràn?"

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kó kọ ọ́. Kó kọ ọ́ ní àáró."

Èyí tó ti jáde kò ṣeé pè padà. Wọ́n kọ tuntun tó lè dún níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sì kọ òfin àáró, èyí tí ọmọ àbúrò mi ti sọ ṣáájú, sí i lára. Ọmọ mi ń fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà. Ọmọ àbúrò mi ń fi kùkùté ìka tọ́ka síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kú. Yàtọ̀ sí iṣẹ́, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní Ìsánlú-Ìsin mú un, ó jẹ́ kó máa dún bí wọ́n tilẹ̀ pa ohùn fóònù, ó pín in fún wa, ó sì fi àtúnṣe náà lé wa lọ́wọ́ bí òfin ṣe wí. Ilé-iṣẹ́ náà ní kí a yọ òfin yẹn kúrò fún àwọn nìkan. Ọmọ mi fèsì: "Ebè tiyín dà?"

Àwọn ajínigbé tún padà wá. Lójú oko kan náà, fóònù figbe ta. Ẹ̀ṣọ́ wa sáré dé, wọ́n lúgọ sínú koríko ẹ̀kan. Ìbọn ró títí etí mi fi di. Ohùn ọkùnrin kan ń ké pe ìyá rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ọmọ àbúrò mi wọ ojúde wá, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ju àdá sílẹ̀ níwájú ọmọ mi.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "ó dún."