Ọjọ́ tí Baba Àgbà Pa Asọ̀rọ̀mágbèsì

Nínú Máíkírà tó ń gbé wa láti Òkè-Àdó lọ sí Bẹẹrẹ ni mo ti gbọ́ ìró ìbọn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já. Kì í ṣe adigunjalè, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Fóònù ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó tì mí ló gbé e sójú, ó sì tú ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bíi pé gbogbo wa la jọ rà á. Àwọn sójà ń yìnbọn nínú igbó kan, eruku ń sọ lálá, ẹnì kan ń ké. Ó wò ó díẹ̀, ó fi ìka ti ìyẹn kúrò, aláwàdà kan tó wọ búbà obìnrin bọ́ síta, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún ti ìyẹn kúrò, wòlíì kan ń lé ẹ̀mí àìmọ́. Ó tì í, ìbọn tún dé. Ojú kan náà ló fi ń wo gbogbo rẹ̀. Ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu a máa dúró ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó jọ̀ọ́ dín ariwo náà kù. Ó ní kí n má bínú, ó dín in kù, kí a sì tó dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ó ti gbé e sókè padà. Dírẹ́bà ì bá bá mi bá a wí, ṣùgbọ́n fóònù tiẹ̀ náà wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ojú kan wo bọ́ọ̀lù, ó ń fi ojú kejì wá ihò tí yóò kó wa sí.

Ibi tí mò ń lọ ni kò jẹ́ kí n lè mójú kúrò. Ìsàlẹ̀ Òsì ni mò ń lọ, ní agboolé tí wọ́n bí mi sí, láti sọ fún Ṣìfáwù pé Rájí, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà ní Òkè Ọya, ti kú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni baba mi àti baba Ṣìfáwù, ọdún kan náà sì ni wọ́n bí àwa méjèèjì. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun kú. Fóònù ti fi hàn án. Àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi sọ fún mi kí n tó jáde pé ìrìn asán ni mo fẹ́ rìn, pé kí ni mo tún fẹ́ lọ sọ fún ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ọmọ tí kò lè jẹun láì kọ́kọ́ ya àwòrán oúnjẹ, kí ni n óò bá a fà? Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí, torí pé mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á náà ń bi í nínú yín.

Nígbà ogun abẹ́lé, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di èèkù ọ̀bẹ mú ni wá. Agboolé wa gùn, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, èéfín àti òórùn àdín sì ni ọjọ́ fi ń mọ́ níbẹ̀, nítorí ìyá Ṣìfáwù a máa se ọṣẹ dúdú lẹ́yìnkùlé fún títà l'Ọ́jà'ba. Nínú pálọ̀ Baba Àgbà, ẹ̀gbọ́n àwọn baba wa, ni asọ̀rọ̀mágbèsì wà. Àpótí pákó ni, wọ́n kàn án mọ́ ògiri, ó ní ojú kan bí ajere àti bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Ẹ má retí kí n sọ pé a rò pé àwọn èèyàn kéékèèké ń gbé inú rẹ̀. A kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá, a sì ń rí wáyà náà tó ti orí òpó wọlé. Kò ṣeé yí sí ibòmíràn. Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ máa gbọ́, wọn kì í sì í bi yín bóyá ó dùn mọ́ yín.

Baba Àgbà fẹ́ràn àpótí yìí ju àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ, wọ́n sì mọ̀. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀. Láti ìgbà tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ títí tí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀ ní alẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa á. Bí baba bá ń hanrun, tẹ́ ẹ sì rọra na ọwọ́ sí i, á la ojú kan, á ní òun ń gbọ́. Nígbà tí òjò wọ inú rẹ̀ lọ́dún kan tó sì ń fọhùn bí aláìsàn, baba kò jẹun ọ̀sán. Ó gbé kẹ̀kẹ́, ó lọ bá àwọn tó ni wáyà, kò sì padà wálé títí tó fi rí ẹni tó tẹ̀ lé e wá tún un ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bó ṣe wọlé, pálọ̀ ló kọ́kọ́ yà sí.

Irọ́ ni àpótí náà sì ń pa. Lójoojúmọ́ ló ń ṣẹ́gun. Àwọn sójà wa gba ìlú tibí, wọ́n gba ìlú tọ̀hún, àwọn ọ̀tá ń sá, orin yóò sì tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ọkùnrin agboolé á máa mi orí bíi pé àwọn gan-an ló yìnbọn náà. Bẹ́ ẹ bá gba àpótí yẹn gbọ́, àwọn ọ̀tá nìkan ló ní ẹ̀jẹ̀ lára. Kò dárúkọ òkú wa kan rí.

Músílíù, ẹ̀gbọ́n Ṣìfáwù, ló kọ́kọ́ lọ láti agboolé wa. Télọ̀ ló ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n máa ń sọ pé ìfẹ́ ìlú ló gbé e lọ, bàtà ni. Ó rí bàtà sójà lẹ́sẹ̀ ọmọ àdúgbò kan tó wálé, aláwọ̀ dúdú tó ń dán tó sì ń ró kò-kò-kò, kò sì gbádùn mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n kó wọn sí, irú bọ́lẹ̀kájà tí àwa náà ń wọ̀ lọ sí oko, tí wọ́n fi pákó ṣe ìjókòó rẹ̀, téèyàn ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó. A sá tẹ̀ lé ọkọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ Màpó, à ń pariwo, à ń juwọ́. Gbogbo ìlú ń juwọ́. Nígbà tí mo bá rántí bí inú wa ṣe dùn lọ́jọ́ náà, mo máa ń fẹ́ tutọ́.

Ẹnì kejì rẹ̀ lójú ogun ló mú ìròyìn wálé. Ó ń tiro, ó gbé àpò Músílíù lọ́wọ́. Ẹni náà kò yà sọ́dọ̀ ìyá Músílíù. Ó mọ ohun tó yẹ, ọ̀dọ̀ Baba Àgbà ló gbà lọ. Èmi àti Ṣìfáwù wà lẹ́yìn fèrèsé, níbi tí kò yẹ ká wà, a sì gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tí Baba Àgbà rí wa, kò nà wá. Ó fi ìka kan ètè rẹ̀, ó wo Ṣìfáwù, ó ní, "Ìyá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ." Ṣìfáwù ní ó dáa.

Àṣà ilé wa ni pé ìyá kì í gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lójijì, kì í gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, kì í sì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé ọkọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá Ṣìfáwù wà ní oko lọ́nà Lálúpọn, wọ́n ránṣẹ́ sí i, òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Kó tó dé, Baba Àgbà pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa ṣe bá a ti ń ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ wo iṣẹ́ tó gbé fún wa. Àwọn tí wọn kì í kí ìyá Ṣìfáwù bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní ìkúnlẹ̀. Ìyáálé rẹ̀, tí wọ́n ti ń bínú síra wọn láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí okùn aṣọ, bu ẹran sínú àwo rẹ̀. Aláwàdà burúkú ni gbogbo wa. Ṣìfáwù nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń bá a ká ọṣẹ sínú ewé, ó jẹun tán nínú àwo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ.

Ohun tí Baba Àgbà fúnra rẹ̀ ṣe ni pé ó pa asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogun bọ́ sí obìnrin náà létí. Ó yí bọ́tìnnì náà, ó ní ó ti bàjẹ́, ó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá Ṣìfáwù dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé omi síwájú obìnrin náà, àwọn àgbà jókòó yí i ká. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ iṣu, ó béèrè ọjà, ó sọ ti àwọn òbí wọn tó ti lọ, ó wá sọ pé Ọlọ́run tó fún wọn ní Músílíù ti gbà á. Ìyá Ṣìfáwù sunkún. Ó sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, àwọn obìnrin dì í mú, wọ́n sì ṣe fídàú Músílíù nígbà tó yẹ.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà tí mo gbọ́ tí ìyá Ṣìfáwù ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nídìí ìkòkò ọṣẹ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí àpótí ti dákẹ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ lóòótọ́, ṣé Baba á jókòó jẹ́ẹ́ ni, tí kò ní gbé kẹ̀kẹ́? Ìyá mi bi í pé kí ló dé tó fi panu mọ́ láti ìgbà yẹn.

"Wọ́n ń tọ́jú mi," ló dáhùn. "Ṣé kí n dójú tì wọ́n ni?"

Irú èèyàn tó bí Ṣìfáwù nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí ayé yín ṣe fún un. Ìdí ọṣẹ ló wà l'Ọ́jà'ba, lórí ìjókòó ìyá rẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tajà tì í ń fi fóònù han gbogbo èèyàn. Ọmọ agboolé wa kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ kí n má bàa ṣépè, ti rí ìròyìn níbì kan, ó sì ti sáré gbé àwòrán Rájí síta pẹ̀lú aṣọ sójà lọ́rùn rẹ̀, ó fi àbẹ́là sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ojú tó ń sunkún sí i, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ará iṣẹ́ Rájí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan. Lókè àwòrán náà, àwọn kan ń jó. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ibẹ̀ ni Ṣìfáwù ti bá ojú ọmọ rẹ̀ pàdé. Aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà sọ fún wa pé ó wo fóònù náà, ó dá a padà fún ọmọbìnrin náà, ó di ọṣẹ oníbàárà tó dúró níwájú rẹ̀ tán, ó palẹ̀ mọ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ayé àtijọ́ purọ́ fún wa púpọ̀, ṣùgbọ́n kò yájú sí ìyá ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ Ṣìfáwù ti kú, ó ti padà sílé baba wa láti ìgbà yẹn. Èmi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù tó kù. Mo sọ̀kalẹ̀ ní Bẹẹrẹ, mo fi ọmọ oníbọn sílẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wòlíì rẹ̀, mo rọra rìn wọ Ìsàlẹ̀ Òsì. Àwọn àgbà tó kù nílé tẹ̀ lé mi wọlé.

Ṣìfáwù ti tẹ́ ẹní. Ó ti gbá ilẹ̀, ó ti bu omi sínú ife, ó gbé e síwájú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. A kí ara wa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bó ti yẹ. Mo béèrè ọjà, ó ní ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ òjò, ó ní òjò ọdún yìí pọ̀. Mo sọ ti àwọn baba wa, ó ní kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Nígbà tó kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà, mo tún padà sórí òjò. Èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣẹ̀fẹ̀, òjò nìkan ni mo rí sọ. Àwọn àgbà ń wò mí.

Ṣìfáwù gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. "Máa bá a lọ," ló wí. "Mò ń gbọ́."

Mo sọ fún un pé Rájí ti kú. Ìgbà náà ló tó sunkún, a sì dì í mú.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó béèrè ìgbà tí àwọn ará iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ máa dé, ó béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bí òun ṣe gbọ́ ikú ọmọ òun, kí n ní inú ilé baba òun ni òun wà, lórí ẹní, àti pé èmi ni mo sọ fún òun. Mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí.