Ẹ̀rọ Tí Ọmọ Mi Lẹ̀ Mọ́ Apá Mi

Òórùn sípíríìtì ni mo fi ń rántí ọdún náà. Ó ku díẹ̀ kí oṣù ààwẹ̀ wọlé nígbà tí ọmọ mi obìnrin fi òwú nu ẹ̀yìn apá mi òsì nínú yàrá, tó sì tẹ ohun roboto kan mọ́ ọn, tí kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Kò dùn mí. Ó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí irun ti wọ abẹ́ awọ, pé òun ni yóò máa ka ṣúgà ara mi, tí yóò máa fi í ránṣẹ́ sórí fóònù. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe ní yunifásítì wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá irú rẹ̀ lè dúró lára nínú ooru àti òógùn tiwa níbí. Ó ní àwọn kan ń ṣe òrùka tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, àwọn mìíràn ń wá èyí tí yóò ti inú òógùn lásán mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn. Àtọ̀gbẹ ti ń bá mi fínra tipẹ́, ó sì ti sú mi láti máa gún ìka. Inú mi dùn.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé kì í ṣe fóònù tèmi nìkan ni yóò máa rí i. Ọmọ mi ń rí i n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí i l'Ékòó, wọ́n sì so ó mọ́ ti bàbá wọn. Bí mo bá jẹ iṣu lé díẹ̀, ìpè á wọlé, wọ́n á bi mí ohun tí mo jẹ. Mo lọ kí àbúrò mi ní Alájué kí n lè sinmi, àfi bó ṣe ní wọ́n ti pe òun pé kí òun má fún mi ní ọsàn. Èmi aránṣọ ni mo wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ tó há mọ́ ọn lọ́rùn láàárín èrò, tí kò sì lè bọ́ ọ. Ẹni tó bá ti wọ irú rẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí.

Dókítà ti gbà pé kí n gbìyànjú ààwẹ̀, bí mo bá gbà láti ṣínu nígbàkigbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù mi ké lábẹ́ híjáàbù nínú ṣọ́ọ̀bù pé ṣúgà mi ti lọ sílẹ̀ jù. Kí n tó yọ ọ́, ọkọ mi ti gbé omi àti èso dàbínù dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi obìnrin ti pè wọ́n. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi mu ún. Oníbàárà tó wá gba bùbá rẹ̀ yíjú sí ògiri kó má baà wò mí. Ojú tì mí débi pé mo sunkún.

Nígbà tí ọmọ náà wálé, mo na apá sí i, mo ní kó yọ nǹkan rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ìyá mi, lọ́jọ́ tí ẹ dákú ní bálùwẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ rí yín. Mo rò pé ẹ ti kú ni.”

N kò mọ̀ pé ó ṣì ń gbé ìyẹn kiri. Mo fà á dìde.

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ara mi ni. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbọ́.”

Ó yọ fóònù tirẹ̀ kúrò lára èyí tó ń rí i, ó yọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó ku tèmi. Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lápá mi.

Kò pẹ́ sí i tí fóònù mi tún ké lọ́jọ́ ààwẹ̀ mìíràn. Mo dá wà ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn àkàrà ìṣínu ti ń ti ilé kejì wá, oòrùn sì ti ń rọ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bí mo bá fara dà á. Mo wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo sọ bísímílà, mo sì mu omi tó ní ṣúgà. Nígbà tí ara mi padà bọ̀ sípò, mo pe ọmọ mi, mo sọ fún un. “Ẹ ṣé,” ló wí.

Mo ti san ààwẹ̀ ọjọ́ méjèèjì padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Èyí tí ọkọ mi dúró tì mí kí n tó ṣínu ṣì máa ń dùn mí bí mo bá rántí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, tí mo fọwọ́ ara mi gbé ife, ni mo fi mọ̀ pé mo ṣì ń darí ara mi, àti pé ọmọ mi lè fi ọkàn balẹ̀ sùn.